Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Máa Fi Orúkọ Ọmọ Bàrígà Bo Olè Mọ́lẹ̀: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ọ̀gá Àgbà CAC

Sí Ọ̀gá Àgbà Pátápátá, Àjọ CAC tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, Àbújá.
Ẹ̀dà kan sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó, Alausa, Ìkẹjà.

Ọ̀gá wa,

Ṣómólú ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mo sì ń ṣe. Bóyá ẹ ti gbọ́ nípa àdúgbò wa rí. Láti Fádéyí wọlé sí Ṣípéolú, títí dé Bájúláyé, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ń dún lọ́tùn-ún lósì. Kàlẹ́ńdà, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, páálí oògùn, pósítà olóṣèlú, kò sí èyí tí a kì í tẹ̀. Ìwé ilé-iṣẹ́ wà lára ohun tó ń mówó wọlé fún wa jù: lẹ́tà hẹ́ẹ̀dì, ríṣíìtì, ínfọ́ìsì, káàdì, sítáǹpù. Kọ́mpìnì tí ẹ fún ní nọ́ńbà RC lówùúrọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, ìwé rẹ̀ lè ti máa gbẹ lórí tábìlì lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀yin lẹ ń sọ ọ́ lórúkọ, àwa la ń wọṣọ fún un.

Ohun tí mò ń rí láti ìdí ẹ̀rọ yìí ló mú mi kọ̀wé. Oníbàárà kan lè gbé jíìpù dúró sẹ́nu títì, kó má sọ̀ kalẹ̀, kó rán ọmọkùnrin kan wọlé wá. Ọmọ yẹn ni orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé tí CAC fún wọn. Òun ni dárẹ́kítọ̀, òun ló ní ìpín tó pọ̀ jù. Bí mo bá bi í pé àwọ̀ wo ni kí n fi kọ orúkọ kọ́mpìnì rẹ̀, á ní kí n dúró ná, á sáré padà lọ síbi jíìpù lọ béèrè. Bí mo bá bi í pé iṣẹ́ wo ni kọ́mpìnì náà ń ṣe, kí n lè mọ ohun tí màá kọ sábẹ́ orúkọ, á tún sáré lọ. Mi ò ní gbogbo irú wọn ni olè. Ẹlòmíràn ń sá fún ẹ̀bẹ̀ àwọn ẹbí ni, ẹlòmíràn ò kàn fẹ́ kí aráyé mọ ohun tó ní. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kan náà yẹn ni olè ń gbà wọlé, kò sì sẹ́ni tó ń bi í léèrè.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Òfin tí ìjọba ṣe láti tú àṣírí àwọn tó ń fara pamọ́ sẹ́yìn kọ́mpìnì dára, mo sì gbóríyìn fún yín lórí bí ẹ ṣe ń mú un ṣẹ. Àmọ́ láti ìgbà tó ti di dandan pé kí orúkọ tó bá wà nínú ìwé jẹ́ ti èèyàn tó wà láàyè, tó sì ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN, àwọn ọ̀bàyéjẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ dá orúkọ sílẹ̀ mọ́. Wọ́n ń ra orúkọ ni. Ibi tí ebi bá sì ti ń pa olórúkọ ni wọ́n ti ń rà á: Ilàjẹ ní Bàrígà, àwọn ojúlé ẹ̀yìn Ṣómólú, Mushin, Ajégúnlẹ̀. Ọmọ tó ta orúkọ rẹ̀ ni ọlọ́pàá máa kọ́kọ́ bá nílé. Ẹni tó rà á ti lè wà ní Dubai.

Láyé ọjọ́un, ẹni tó fẹ́ fi owó ìlú pamọ́ ò nílò kó yá orúkọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Joshua Dariye, tó ṣe gómìnà ní Plateau, darí apá tó tóbi nínú owó ìdáàbòbò àyíká tó lé ní bílíọ̀nù kan náírà sínú àkáǹtì tó ń jẹ́ Ebenezer Retnan Ventures. Orúkọ yẹn ò sí nínú ìwé CAC rárá, síbẹ̀ báǹkì ṣí àkáǹtì fún un. Ó di oṣù Kẹfà ọdún 2018 kí adájọ́ Adébùkọ́lá Bánjókò tó rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá ní Àbújá. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dín in kù, ìjọba sì dárí jì í ní ọdún 2022.

Ti Malabu ló tún wá ga jù. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1998, Dan Etete, mínísítà epo rọ̀bì lábẹ́ Sani Abacha, gbé kànga epo OPL 245 fún Malabu, kọ́mpìnì kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Nínú àwọn tí wọ́n kọ pé wọ́n ni ín, ẹnì kan ń jẹ́ Mohammed Sani, ọmọ Abacha ni. Ẹnì kan ń jẹ́ Kweku Amafegha. Ẹ wá Amafegha títí, ẹ ò ní rí i. Orúkọ tí Etete fi bo ara rẹ̀ lójú ni. Mínísítà tó ń fúnni ní kànga ló fún ara rẹ̀ ní kànga, orúkọ tí kò ní ìyá tí kò ní bàbá ló sì fi gbà á. Nígbà tó di ọdún 2011, Shell àti Eni san nǹkan bíi bílíọ̀nù kan àti ọ̀ọ́dúnrún mílíọ̀nù dọ́là lórí kànga yẹn. Èyí tó lé ní bílíọ̀nù kan nínú rẹ̀ gba ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ kọjá lọ sọ́dọ̀ Malabu. Ní oṣù Keje ọdún 2013 ni adájọ́ Elizabeth Gloster ní London wò ó lọ wò ó bọ̀, tó ní Etete ló wà nídìí Malabu láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko! Òtítọ́ ni pé ilé ẹjọ́ ní Milan dá Shell, Eni àti Etete fúnra rẹ̀ láre lórí ẹ̀sùn rìbá ní oṣù Kẹta ọdún 2021. Ohun tí kò yí padà ni pé ọmọ Nàìjíríà tó bá lọ wo ìwé Malabu ní CAC ní ọdún 1998 ò lè mọ ẹni tó gba epo rẹ̀.

Àwọn mìíràn ò lo orúkọ tí kò ní olórúkọ. Ẹbí ni wọ́n yíjú sí. Abdulrasheed Maina, ẹni tí ìjọba ní kó lọ tún ètò owó ìfẹ̀yìntì ṣe, ni adájọ́ Okon Abang rán lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́jọ ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 2021. Adájọ́ ní ó fi orúkọ àwọn ẹbí rẹ̀ ṣí àkáǹtì láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀, owó àwọn arúgbó tó fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn sin ìjọba ló sì gba ibẹ̀ kọjá. Ìyá àti bàbá wa ni mò ń sọ o, àwọn tó ń tò sórí ìlà láti òru kí wọ́n lè jẹ́rìí sí i pé àwọn ṣì wà láàyè. Àwọn alààyè ń jẹ́rìí ara wọn, àkáǹtì bàǹtà-banta ń ṣí lórúkọ ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé báyìí ni àdúgbò wa.

Mo mọ ọ̀nà tí ẹ ti bá bọ̀. Oṣù Karùn-ún ọdún 2016 ni Ààrẹ Muhammadu Bùhárí ṣèlérí ní London, níbi ìpàdé àwọn olórí orílẹ̀-èdè lórí ìwà ìbàjẹ́, pé Nàìjíríà máa ṣí ìwé tí aráyé á ti máa rí àwọn tó ni kọ́mpìnì gan-an. Ó gbà á ju ọdún mẹ́rin lọ kó tó fọwọ́ sí òfin kọ́mpìnì tuntun tí wọ́n ń pè ní CAMA, ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún 2020. Abala 119 nínú rẹ̀ ní ẹnikẹ́ni tó bá ní ó kéré tán ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìpín kọ́mpìnì, tàbí agbára ìbò tó tó bẹ́ẹ̀, tàbí àṣẹ láti yan èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn dárẹ́kítọ̀, tàbí tó ń darí rẹ̀ láti ẹ̀yìn, gbọ́dọ̀ jáde wá sọ pé òun rèé. Ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni ẹ ṣí ìwé náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù Kejì ọdún yẹn kan náà, àjọ FATF tó ń ṣọ́ ìrìn owó kárí ayé ti fi Nàìjíríà sínú àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń fojú sí lára. Oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n yọ wá kúrò. Iṣẹ́ yín wà lára ohun tó yọ wá, kò sẹ́ni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ yín.

Àmọ́, ta ló ń sọ fún ìwé yẹn pé bọ́rọ̀ ṣe jẹ́ rèé? Kọ́mpìnì náà fúnra rẹ̀ ni. Ohun tí olè bá sọ nípa ara rẹ̀ la ń kọ sílẹ̀. NIN lè jẹ́rìí pé Lágbájá wà lóòótọ́, pé ojú rẹ̀ rèé, pé ọjọ́ báyìí ni wọ́n bí i. Kò lè jẹ́rìí pé Lágbájá ló ni owó tó wà ní báǹkì. Gbogbo àyẹ̀wò tá a fi kún ìforúkọsílẹ̀ láti ọdún 2020 wá ń dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́; ìkejì ni olè ń fi ṣe ibùgbé.

Àwọn lọ́yà àti àwọn oníṣirò owó ló ń la ọ̀nà ìfarapamọ́ yìí sílẹ̀ fún wọn. Bí òfin bá ní ìdá márùn-ún, wọ́n á pín in ní ìdá mẹ́rin-mẹ́rin fún ìyàwó, àbúrò, dírẹ́bà àti alásè. Tàbí kí kọ́mpìnì kan ni òmíràn, kí ẹ̀kẹta ni ìyẹn náà, kí ẹ̀kẹta wà ní British Virgin Islands, níbi tí ìbéèrè yín ò ti ní tètè rí èsì. Ìyẹn ni tàwọn ńláńlá. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fojú sí jù ni ti ìwé mẹ́ta tí wọ́n ń gbé síwájú ọmọ tó yá wọn lórúkọ lọ́jọ́ kìíní. Ọ̀kan ni ìwé pé ó ti gbé ìpín rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Wọ́n á fi àyè orúkọ ẹni tó gbà á sílẹ̀ lófìfo. Ìkejì ni lẹ́tà pé ó ti fi ipò dárẹ́kítọ̀ sílẹ̀. Kò ní déètì. Ìkẹta ni ìwé àṣẹ tó jẹ́ kí ẹnì kan máa bá a buwọ́ lùwé ní báǹkì. Ọ̀gá á kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tì sínú dúrọ́ọ̀. Bí owó bá ń wọlé, tọ̀gá ni. Lọ́jọ́ tí ìjọba bá kanlẹ̀kùn, ìwé mẹ́ta yẹn ò ní jáde, ọmọ yẹn náà ni dárẹ́kítọ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà bá gbọ́n, tó ní òun fẹ́ pariwo, wọ́n á kọ déètì sí lẹ́tà kejì, ó ti di ẹni tó kúrò nípò láti oṣù tó kọjá, kò sì ní ọ̀rọ̀ kankan í sọ mọ́.

Ọmọ kan wà tó ń bá wa to pépà, tó ń bá wa dì í. Ilàjẹ ní Bàrígà ni òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé, létí ọ̀sà níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja, tí èèyàn ti ń wo afárá Third Mainland lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹnì kan tó mọ̀ ládùúgbò sọ fún un pé wọ́n fẹ́ ran àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́ láti bẹ̀rẹ̀ okòwò; kó mú NIN wá, kó jẹ́ kí wọ́n ya ojú rẹ̀, kó buwọ́ lu àwọn ìwé kan. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà ni wọ́n fún un. Ó fi díẹ̀ ra ìwé fún àbúrò rẹ̀, ó gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn ọdún kan ó lé, lẹ́tà ìpè láti iléeṣẹ́ ìjọba kan dé yàrá ìyá rẹ̀. Wọ́n ní kọ́mpìnì rẹ̀ gba owó iṣẹ́, kò sì ṣe iṣẹ́.

Ó mú lẹ́tà náà wá bá mi. Mo ka orúkọ kọ́mpìnì náà sí i létí, ó ní òun ò gbọ́ ọ rí. Mo ka iye owó rẹ̀ sí i létí, kò dá mi lóhùn fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, “Ọ̀gá, ṣé wọ́n máa tì mí mọ́lé?” Ẹni tó mú un lọ ti kó kúrò ládùúgbò, fóònù rẹ̀ ò lọ mọ́. Àwọn tó pè é lẹ́jọ́ rí i pé ọ̀rọ̀ náà kọjá agbára rẹ̀, wọn ò tì í mọ́lé, ṣùgbọ́n wọ́n ti àkáǹtì tó fi ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀ pa. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, lówó lọ́wọ́ ni mò ń ka owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Ìyá rẹ̀ ta agbada méjì nínú èyí tó fi ń yan ẹja láti fi san owó lọ́yà. Ẹni tó ni kọ́mpìnì náà ò tíì dé iwájú ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ilé ẹjọ́ ní Los Angeles rán Ramon Abbas, oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo ayé mọ̀ sí Hushpuppi, lẹ́wọ̀n ọdún mọ́kànlá ó lé ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ló dárúkọ Òwòròǹṣòkí níbi tó ti dàgbà, ìyẹn àdúgbò tó bá Bàrígà pààlà. Láti ìgbà yẹn, ojú ọmọ Yahoo ni wọ́n fi ń wo ọmọ wa yòówù tó bá ti sọ ibi tó ń gbé. Mi ò gbèjà Abbas, òun fúnra rẹ̀ gbà pé òun jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n kò sí jìbìtì tó tó irú èyí tó lè dúró láìjẹ́ pé ẹnì kan yá wọn ní orúkọ àti àkáǹtì. Àwọn tó ń yá wọn yìí pọ̀ ju àwọn tó ń wọ bàtà Gucci lọ ládùúgbò wa, ebi sì ń pa wọ́n síbẹ̀.

Gómìnà wa, ibi tó kàn yín rèé. Ẹ rántí oṣù Kẹrin ọdún 2017, nígbà tí EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì, wọ fúláàtì 7B ní Osborne Towers ní Ìkòyí, tí wọ́n bá owó dọ́là tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́tàlélógójì nínú kọ́bọ́ọ̀dù, pẹ̀lú pọ́n-ùn àti náírà. Gbogbo Èkó ló ń béèrè pé ta ló ni ilé. Gómìnà kan ní owó ìpínlẹ̀ òun ni, iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ NIA ní owó àwọn ni. Orúkọ tí wọ́n fi ra fúláàtì náà ò jẹ́ orúkọ èèyàn: Chobe Ventures ni. EFCC sọ ní kóòtù pé owó tó lé ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ dọ́là ni wọ́n fi rà á, tí wọ́n sì kà á lówó lọ́wọ́. Ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ gba owó náà fún ìjọba ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn, ó gba fúláàtì náà ní oṣù Kọkànlá. Ká ní kò sí ẹni tó ta EFCC lólobó ńkọ́? Fúláàtì yẹn á ṣì wà níbẹ̀, kọ́mpìnì á ṣì ni ín, àwọn aládùúgbò á ṣì máa kí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ní Bàrígà àti Ṣómólú, owó ò tó ti Ìkòyí, àṣà náà ló ń tàn dé. Ilé oníyàrá tí àwọn baba wa kọ́, tí ìdílé mẹ́wàá ń gbé, ẹbí á tà á. Ẹni tó wá rà á á rán ejẹ́ńtì àti lọ́yà wá, orúkọ kọ́mpìnì ni wọ́n á kọ sínú ìwé. Wọ́n á wó o, wọ́n á kọ́ fúláàtì alájà mẹ́ta sí i. Bí ògiri bá sán, bí ṣalángá bá kún, bí wọ́n bá fi ìlọ́po méjì kún owó ilé, ta ni ayálégbé máa bá sọ̀rọ̀? Ejẹ́ńtì á ní, “Kọ́mpìnì ló ní kí n sọ fún yín.” Kọ́mpìnì ò ní ojú, kò ní etí, kò ní ìyàwó tí èèyàn lè lọ bẹ̀. Mo ti bá ayálégbé kan wá ẹni tó ni ilé tó ń gbé láti orí pátákó tí wọ́n kàn mọ́ ara ilé. Ilé-iṣẹ́ tó wà lórí pátákó náà, ojúlé tó pè ní ọ́fíìsì rẹ̀ ni ilé yẹn kan náà.

Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, kò sì sí ẹni tó yẹ kó gbé ẹ̀tọ́ orí ilẹ̀ fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ yín. Àṣẹ yẹn gan-an ni ohun èlò tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ má fi fún kọ́mpìnì kankan mọ́ àyàfi tó bá sọ orúkọ èèyàn ẹlẹ́ran ara tó ni ín, kí ẹ sì fi orúkọ yẹn wé èyí tó wà ní CAC kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ lóòǹtẹ̀. Àwọn òyìnbó ti ṣe é fún ilẹ̀ tiwọn. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2022, kọ́mpìnì ilẹ̀ òkèèrè tó bá fẹ́ ní ilé tàbí ilẹ̀ ní Britain gbọ́dọ̀ lọ kọ orúkọ ẹni tó ni ín sílẹ̀ ní Companies House. Ìrírí ló kọ́ wọn, ọmọ tiwa sì wà lára àwọn tó kọ́ wọn. Diepreye Alamieyeseigha, gómìnà Bayelsa tí wọ́n mú ní Heathrow ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2005, fi kọ́mpìnì British Virgin Islands kan tó ń jẹ́ Solomon & Peters ra ilé sí London. Bí London bá lè béèrè lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà pé ta ló ni ilé yìí, kò yẹ kí Èkó tijú láti béèrè.

Ọ̀gá CAC, mo padà sọ́dọ̀ yín. Ohun àkọ́kọ́ tí mò ń tọrọ kò wọ́n. Nígbà tí wọ́n bá fi orúkọ ẹnì kan sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi dárẹ́kítọ̀ tàbí oní-ìpín, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí nọ́ńbà fóònù tó wà lára NIN onítọ̀hún. Kì í ṣe nọ́ńbà tí ẹni tó ń bá wọn forúkọ sílẹ̀ kọ síbẹ̀, nítorí tirẹ̀ ló máa kọ. Kí ọ̀rọ̀ náà wà ní Yorùbá, ní Haúsá, ní Ígbò, ní Píjìn: “Wọ́n ti kọ orúkọ rẹ pé ìwọ lo ni kọ́mpìnì báyìí. Bí o kò bá mọ̀ nípa rẹ̀, tẹ 1.” Kí wọ́n má sì parí ìforúkọsílẹ̀ títí ó fi máa dáhùn. Lẹ́yìn náà, kí ẹ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè fi NIN rẹ̀ wá gbogbo kọ́mpìnì tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, bó ṣe ń fi fóònù wo nọ́ńbà báǹkì BVN rẹ̀. Ọmọ tó ń bá mi to pépà ì bá ti mọ̀ lọ́jọ́ kìíní.

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tó ti yá wọn lórúkọ. Ẹ fún wọn ní oṣù mẹ́fà láti jáde wá sọ ẹni tó fún wọn lówó, ìwé tí wọ́n buwọ́ lù, àti báǹkì tí wọ́n mú wọn lọ, láìsí pé ẹnikẹ́ni máa tì wọ́n mọ́lé nítorí pé wọ́n sọ̀rọ̀. Ẹ ò ní rí ẹlẹ́rìí tó mọ̀nà dé ilé ọ̀gá jù wọ́n lọ. Báyìí tí ọ̀rọ̀ wà, ẹni tó bá jáde wá gbà pé òun yá wọn lórúkọ ti fi ọrùn ara rẹ̀ sínú okùn, ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi dákẹ́.

Ẹ sì má jẹ́ kí orúkọ nìkan tó yín. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún tí kò tíì san owó orí rí, tó ń gbé yàrá kan ní Ilàjẹ, tó wá ní kọ́mpìnì tó ń gba iṣẹ́ ọ̀nà tàbí iṣẹ́ ilé ìwé lọ́wọ́ ìjọba: ohun tó ń kígbe nìyẹn. Ìwé owó orí, ìwé báǹkì àti ìwé CAC wà lọ́wọ́ ìjọba kan náà. Kí wọ́n máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni ní kọ́ńtíráàtì, kì í ṣe lẹ́yìn tí owó bá ti lọ.

Ó ku àwọn tó kàwé. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Lọ́yà tó kọ lẹ́tà tí kò ní déètì yẹn mọ ohun tó ń ṣe. Òṣìṣẹ́ báǹkì tó rí ọmọ tó wọ sílípáàsì wá ṣí àkáǹtì fún kọ́mpìnì tó fẹ́ gba ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù mọ ohun tó ń ṣe. Òfin ọdún 2022 lórí fífọ owó ìdọ̀tí ní kí ẹnikẹ́ni má ná ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lówó lọ́wọ́, kí kọ́mpìnì má kọjá mílíọ̀nù mẹ́wàá, ó sì ní kí àwọn lọ́yà àti àwọn tó ń ta ilé máa fi owó tó bá rú wọn lójú tó ìjọba létí. Ìwé àṣẹ kan tí ẹ bá gbà lọ́wọ́ irú lọ́yà bẹ́ẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn, á kọ́ wọn ju ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ. Àwa atẹ̀wé náà ò gbọ́dọ̀ yọ ara wa sílẹ̀. Ẹni tó bá wá tẹ lẹ́tà hẹ́ẹ̀dì, kó mú ìwé CAC wá, kí á rí ojú ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, kí á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tèmi. Oníbàárà kan ti bínú lọ nítorí rẹ̀. Ó lọ dáadáa.

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Bàrígà àti Ṣómólú, mo mọ̀ pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà kì í ṣe owó kékeré nínú ilé tí wọn ò tíì dáná láti àná. Síbẹ̀ ẹ má fi NIN yín fún wọn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ya ojú yín, ẹ má buwọ́ lu ìwé tí ẹ ò kà. Bí ẹ bá ti ṣe é, ẹ lọ wo orúkọ kọ́mpìnì náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì CAC, ẹ tẹ ohun tí ẹ bá rí sórí pépà, kí ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn lọ́yà OPD ti Ìpínlẹ̀ Èkó tàbí Legal Aid Council. Wọn kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tí kò ní. Ẹ lọ kí lẹ́tà ìpè tó dé ilé ìyá yín.

Ọ̀gá CAC àti Gómìnà wa, mo ń retí ìgbésẹ̀ yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Atẹ̀wé kan ní Ṣómólú.